Sísọ ìwé Word di PDF láìṣí Word

Ẹni tó ní lẹ́tà kan ṣoṣo á ṣí i, á tẹ "Save As", á mú PDF, ó parí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá tó 400, tàbí tí ìkànnì ìtajà ní láti fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí oníbàárà lóru, ta ni yóò jókòó tì í? Ètò kọ̀ǹpútà là ń rán nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan rò pé orúkọ lásán là ń yí pa dà, pé ká sọ .docx di .pdf. Ẹ dán an wò, fáìlì náà kò ní ṣí. Fáìlì Word kò mọ ibi tí ìlà ti ń parí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju "ìpínrọ̀ rèé, Calibri ni kí ẹ fi kọ ọ́, ìwọ̀n 11" lọ. Ètò tó bá ṣí i ló ń ṣírò ìlà àti ojú ìwé. PDF ní tirẹ̀ ti kan lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè rẹ̀. Nítorí náà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ka ìwé náà, kó tò ó, kó tó kàn án mọ́lẹ̀. Lórí sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣí fáìlì Word, ló sábà ń ṣe é; soffice ni àṣẹ rẹ̀:

soffice --headless --convert-to pdf --outdir /srv/pdf leta.docx

--headless ni pé kó má ṣí fèrèsé kankan. Bí ẹ bá gbàgbé --outdir, inú fódà tí ẹ ti pàṣẹ ni PDF yóò bọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fáìlì tí ẹ mú. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá a.

Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà bíi Calibri, ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Calibri kì í sábà sí lórí Linux. LibreOffice kò ní kìlọ̀ fún yín o. Òmíràn ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn bá fẹ̀ jù ú lọ, lẹ́tà olójú-ìwé kan á di méjì, ibùwọ̀lú á sì dá nìkan wà lójú kejì. Ẹ gbé fọ́ǹtì Carlito sórí sáfà. Orúkọ tí Debian àti Ubuntu, oríṣi Linux méjì, ń pè é ni fonts-crosextra-carlito. Wọ́n ṣe é kí lẹ́tà rẹ̀ lè fẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Calibri. Liberation Serif ń rọ́pò Times New Roman, Liberation Sans ń rọ́pò Arial. Àṣẹ fc-match Calibri á sọ èyí tí yóò gba ipò rẹ̀ fún yín.

Èdè wa tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ wo "ọ̀": Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, ní "ọ", U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún "ọ̀". Àmì ohùn, U+0300, là ń gbé lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tí àmì náà ń jókòó á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó ya àpótí òfìfo. Noto Sans mọ̀ ọ́n.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí àṣẹ méjì bọ́ síra lábẹ́ orúkọ aṣàmúlò kan náà, fódà kan náà tí LibreOffice ń kó ètò rẹ̀ sí ni wọ́n ń dù, ọ̀kan sì lè parí láìṣe nǹkan kan. Ẹ fún oníkálukú ní tirẹ̀: -env:UserInstallation=file:///tmp/lo1, kí èkejì gba lo2. Fáìlì tó bàjẹ́ náà lè mú kí àṣẹ há. Ẹ kọ timeout 120 síwájú àṣẹ, á gé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má sì gbà á gbọ́ pé ó ti ṣe é, àfi tí ẹ bá rí PDF náà níbẹ̀ tí kò ṣófo.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe pdffonts leta.pdf, àṣẹ tó ń to àwọn fọ́ǹtì inú PDF. Lábẹ́ "emb" (ìyẹn bóyá fọ́ǹtì wà nínú PDF náà), "yes" ló yẹ kó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà oníbàárà ni yóò yan fọ́ǹtì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí Carlito, ó dáa. Bí ẹ bá rí DejaVu Sans, tó fẹ̀ bí ẹní, ẹ ka iye ojú ìwé yín.

Tábìlì Excel kò gbọ́ àtúnṣe fọ́ǹtì. Èyí tó fẹ̀ á fọ́ káàkiri ojú ìwé, orúkọ ọjà níbí, owó rẹ̀ lójú ìwé mìíràn. Inú fáìlì Excel náà ni kí ẹ ti sọ pé kí gbogbo òpó wọ inú fífẹ̀ ojú ìwé kan, kí ẹ tó rán an.