Bí ínsúlínì ṣe ń darí ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń rán sínú ẹ̀jẹ̀

Ínsúlínì ni hòmóònù tí pánkíríà, ẹ̀yà ara kan tó wà nínú ikùn, máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá ti jẹun. Púrótéènì kékeré ni, amínò ásíìdì 51 péré ló wà nínú ẹ̀, ìlú Toronto ní Kánádà ni Frederick Banting àti Charles Best ti rí i yọ lọ́dún 1921. Ọ̀rọ̀ ṣúgà lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n torí abẹ́rẹ́ ẹ̀ táwọn alátọ̀gbẹ ń gbà, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lórí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ náà kì í ṣe kékeré rárá, ó sì yẹ káwọn èèyàn mọ̀ ọ́n jù báyìí lọ.

Ọ̀rá ò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ sáà wo bí epo ṣe máa ń léfòó lórí ọbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì í lẹ́rù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní lipoprotein, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ń dì ló ń jẹ́ VLDL. Púrótéènì gbọọrọ kan, apoB-100, tí amínò ásíìdì ẹ̀ jẹ́ 4,536, ló di ẹrù náà mú bí okùn, ẹyọ kan fún ẹrù kan. Púrótéènì mìíì tó ń jẹ́ MTP ló ń bu ọ̀rá sí i. Àwọn tí wọ́n bí tí MTP wọn ò ṣiṣẹ́, ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí VLDL tàbí LDL, ìyẹn ẹrù kékeré tí VLDL máa ń dà tó bá ti já ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín apoB tó ń ṣe kù, ó máa ń ṣe é ṣáá ni, èyí tí ò bá rí ọ̀rá tó, sẹ́ẹ̀lì á fọ́ ọ dànù, èyí tó ṣẹ́kù ló máa jáde.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, bí wọ́n ṣe ń ki ìlú yẹn nìyẹn. Ká wá mú ẹni tó jẹ ọkà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá láàárọ̀. Ọkà di ṣúgà, ínsúlínì gòkè, ẹ̀dọ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti pánkíríà bọ̀ kọ́kọ́ ń dé, nǹkan bí ìdajì ínsúlínì yẹn ló ń parí síbẹ̀ kí ìyókù tó kárí ara. Lásìkò kan náà, ìfun ń di ọ̀rá inú ẹran yẹn sínú ẹrù tiẹ̀ tó ń jẹ́ chylomicron, òun náà ń bọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà ti kún. Ínsúlínì á wá ní kí ẹ̀dọ̀ dá tiẹ̀ dúró ná, bí ìgbà tí wọ́n ní kí mọ́tò dúró ní gáréèjì Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí títì fi fẹ́.

Ó máa ń gbà á lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ó ń dá ọ̀rá abẹ́ awọ àti ti ikùn lẹ́kun kó má yọ́, nípa bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tó ń dé ẹ̀dọ̀ á dín kù. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀, tó bá ti dì mọ́ ohun tó ń gbọ́ àṣẹ ẹ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì, á jí ẹ́ńsáìmù PI3K, àṣẹ á jáde pé kí wọ́n fọ́ apoB sí i, kí wọ́n má sì rọ ọ̀rá kún VLDL. Èyí tó ń falẹ̀ díẹ̀ ni ti FoxO1, púrótéènì kan tó ń pàṣẹ fún jíìnì, ínsúlínì máa ń lé e kúrò nínú kóró àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí jíìnì wà, FoxO1 yìí ló sì ń ní kí wọ́n ṣe MTP àti apoC-III, púrótéènì tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ ínsúlínì kan náà yìí ló tún ń tipasẹ̀ SREBP-1c, púrótéènì mìíì tó ń pàṣẹ fún jíìnì, sọ pé kí ẹ̀dọ̀ fi ṣúgà ṣe ọ̀rá tuntun. Kò ta kora, àkójọ ni, bí ẹni kó ọkà bàbà sínú àká, tí ínsúlínì bá ti wálẹ̀ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ̀dọ̀ á máa rán an jáde díẹ̀díẹ̀.

Wàhálà ni tí sẹ́ẹ̀lì ò bá gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa mọ́, bó ṣe ń rí lára àwọn tó sanra níkùn àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ohun tí Michael Brown àti Joseph Goldstein, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, pe àkíyèsí sí lọ́dún 2008 ni pé ẹ̀dọ̀ kì í dití sí gbogbo àṣẹ, kò gbọ́ "má tú ṣúgà jáde" mọ́, àmọ́ ó ṣì ń gbọ́ "máa ṣe ọ̀rá". Àwọn tí jíìnì ohun tó ń gbọ́ àṣẹ ínsúlínì lójú sẹ́ẹ̀lì wọn bàjẹ́ pátápátá jẹ́rìí sí i, àtọ̀gbẹ wọn le gan-an, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn kì í lọ́ràá. Nígbà tí wọ́n fa ínsúlínì sí ara àwọn tára wọn dá, VLDL wọn dín kù láàárín wákàtí mélòó kan, ti àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì ò fi bẹ́ẹ̀ dín. Lára àwọn alátọ̀gbẹ yìí, VLDL ńlá ńlá á máa jáde, ẹyọ LDL kọ̀ọ̀kan á kéré á sì ki, HDL, ẹrù tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀, á wálẹ̀, èyí tí ò ráyè jáde á jókòó sínú ẹ̀dọ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní nígbà míì kéèyàn má jẹun láti alẹ́ kó tó wá yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, ọkà àárọ̀ á ní sùúrù lọ́jọ́ yẹn, kí chylomicron lè ti lọ tán kó wá ku ti ẹ̀dọ̀. VLDL tó wà lórí ìwé èsì, wọn kì í sábà wọ̀n ọ́n, triglyceride, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, ni wọ́n ń fi 2.2 pín tó bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n kọ.