Fìlà tó ń ka iná ọpọlọ: bó ṣe ń tètè rí àrùn rọpárọsẹ̀

Àgbà kan ní Ìsánlú jí láàárọ̀. Ó fẹ́ mu ògì, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àrùn rọpárọsẹ̀, àríyànjiyàn ibi tí ọkọ̀ máa kọrí sí ti bẹ̀rẹ̀: ṣé Ẹ̀gbẹ́ ni, ṣé Kàbà, àbí kí wọ́n kúkú gba Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ? (Ẹnì kan á sì ní ọfà ni wọ́n ta sí i, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Wákàtí kan ti lọ nìyẹn.) Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ máa kọrí sí yìí gan-an ni fìlà tó ń ka iná ọpọlọ lè bá ènìyàn yanjú.

Iná mànàmáná ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iná náà kéré púpọ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ volt 1.5, bí a bá pín volt kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 10 sí 100 nínú rẹ̀ ló ń yọ sí awọ orí. Síbẹ̀, Hans Berger, dókítà ará Jámánì, rí i gbà sílẹ̀ lórí ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929. Sókè sódò ni iná náà ń lọ bí ìgbì. Lórí ẹni tó jí, tó dijú, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìgbì ẹ̀yìn orí ń tó 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oorun àsùnwọra ló ń mú un wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 4. Ẹni tó bá wá lajú sílẹ̀, tí apá kan ọpọlọ rẹ̀ ń fa ìgbì bí ẹni tó ń hanrun, nǹkan ti ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Gíráàmù 100 ọpọlọ ń gba nǹkan bíi mílílítà 50 ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan, tí èyí tó ń dé ibẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 25 sí 30, àwọn ìgbì tó yára ló máa kọ́kọ́ pòórá, àwọn tó ń wọ́ lẹ̀ á gba ipò wọn. Bó bá sún mọ́ 10, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àárín méjèèjì yìí ni ìrètí wà: sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti dákẹ́, kò tíì kú, ó sì lè yè bí ẹ̀jẹ̀ bá tètè padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìgbì fi ń yí padà, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán CT lásán (èyí tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fi ń ya inú orí) lè dà bíi pé kò sí nǹkankan fún wákàtí mélòó kan. Bí iṣan ńlá bá dí, sẹ́ẹ̀lì bíi mílíọ̀nù 1.9 ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ ńlá ilé ìwòsàn ń lo wáyà bí ogún, téèpù ìwọ̀n, gúlúù àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Fìlà tó ṣeé gbé kiri ní irin díẹ̀ tó ń kan awọ orí, bátìrì, àti Bluetooth tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi ọ̀tún wé òsì, kó sì fi ìgbì tó ń wọ́ lẹ̀ wé èyí tó yára. Ní Netherlands, wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò nínú áńbúláǹsì láti mọ ẹni tí iṣan ńlá rẹ̀ dí, kí wọ́n lè gbé e lọ tààrà síbi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde.

Irun tiwa ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun tó ki tó sì káká kì í jẹ́ kó kàn án, òróró àti òrí tí a fi pa á sì ń dí iná lọ́wọ́. Àwọn ará yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ti wá ojútùú kan tó máa pa onídìrí lẹ́rìn-ín: kí wọ́n di irun ní ìlà-ìlà, kí ojú orí hàn, kí wọ́n wá há irin tí wọ́n ṣe fún un sáàárín ìlà náà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dirun fún ẹni tí apá ti kú? Nígbà pàjáwìrì, wọ́n á ṣí gèlè tàbí wíìgì, wọ́n á la irun sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á nu òróró kúrò. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí wọ́n sì ṣe é, nítorí bí ọkọ̀ ṣe ń mì nínú kòtò ojú ọ̀nà àti ìpayínkeke máa bo ìgbì mọ́lẹ̀.

Fìlà náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan tó dí àti iṣan tó bẹ́. Àwòrán inú orí bíi CT ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí fìlà sọ fún aláìsàn ní aspirin. Ìgbì ẹni tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè wọ́ lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò kíákíá. Ọgbẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ pátápátá sì lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ẹnu bá ti wọ́, tí apá kan kò gbéra, kò sí ohun tí fìlà lè sọ tó yẹ kó dá ọkọ̀ dúró.

Kò sì mọ aago. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà kọjá wákàtí 4.5 láti ìgbà tí wọ́n ti rí aláìsàn gbẹ̀yìn ní àlàáfíà. Bí bàbá Ìsánlú yẹn bá jí ní aago mẹ́fà, tó sọ “Ọ̀kún o” kedere fún gbogbo ilé, aago mẹ́fà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó bá jẹ́ pé láti orí ibùsùn ni apá ti kú, ìgbà tó sùn lálẹ́ àná ni.