Ṣé serum ni àbí plasma? Ẹ bi láàbù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún

Ẹnìkan tún fi fọ́tò jẹ́lì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá, ìyẹn àyẹ̀wò tá a fi ń ya purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní kí n ṣáà sọ fún òun bóyá jẹjẹrẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi.

Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. A máa kán díẹ̀ sórí jẹ́lì, a jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú ẹ̀ kọjá, kálukú á wá máa rìn bó ṣe lè rìn mọ, albumin ló máa ń lọ jìnnà jù, òun nìkan sì ju ìdajì gbogbo wọn lọ, alpha 1, alpha 2 àti beta á tẹ̀ lé e, gamma tí àwọn antibody, ìyẹn purotéènì tó ń bá àrùn jà, wà ló ń gbẹ̀yìn. A wá pa jẹ́lì náà láró, ìlà á jáde. Tiselius ará Sweden gba Nobel ní 1948 lórí iṣẹ́ yìí, nígbà tó di 1955 Oliver Smithies fi sitáàṣì ṣe jẹ́lì, ìlà tó rí ju márùn-ún yẹn lọ dáadáa. Iṣẹ́ tí àwa ń fi ọdún gbọọrọ kọ́ nìyí o, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kà lórí fóònù.

Túùbù ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kó dì kí wọ́n tó fa omi orí ẹ̀ ni serum, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kó má dì ni plasma. Fibrinogen ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó bá ti dì tán fibrinogen ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n nínú plasma ó ṣì wà níbẹ̀ digbí, á fa ìlà kan ṣóńṣó sáàárín beta àti gamma, bẹ́ẹ̀ agbègbè yẹn náà ni ìlà jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn, tó jẹ́ antibody, máa ń dúró sí nígbà míì! Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún lọ fọ́ nínú túùbù, ìlà míì á yọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún un ṣe pẹ̀lú serum, á fi nǹkan tó ń mú oríṣi antibody (IgG, IgA, IgM) àti ẹ̀ka ara wọn (kappa àti lambda) dán an wò, tí ìkankan ò bá mú un, ìlà yẹn kì í ṣe ti jẹjẹrẹ.

Bàbá kan wà tí wọ́n fi plasma ṣe tiẹ̀, ó rí ìlà yẹn, kò padà sí láàbù, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn afọ̀jẹ̀ ló gbà lọ. Oògùn tí ẹnìkan ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀! Oṣù mẹ́ta ló fi mu ún. Nígbà tó dọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, ojú ẹ̀ náà wú. Mo gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, mo jẹ́ kó dì dáadáa, mo gbé e sórí jẹ́lì. Ìlà tó ń sá fún ò sí níbẹ̀ mọ́, fibrinogen lásán ni látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n albumin ẹ̀ tó dúdú kìkì lórí jẹ́lì àkọ́kọ́ ti ṣá, alpha 2 ti nípọn, bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn tí kíndìnrín bá ń jò purotéènì sínú ìtọ̀. Mo to jẹ́lì méjèèjì síwájú ẹ̀. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni mo wá ń mu oògùn sí?" Dókítà kíndìnrín ló ń rí báyìí.