Àyè roboto orí agar kì í sọ òótọ́ nípa ọ̀pá hemp

Hemp ni ẹ̀yà igbó tí kì í pa èèyàn bí ọtí. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2018 ní THC, èròjà igbó tó ń pani bí ọtí, inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Orí òdòdó rẹ̀ ni àwọn èròjà tó ń pa bakitéríà, bíi CBD, pọ̀ sí jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà lára ọ̀pá, pẹ̀lú fínọ́ọ̀lì, àwọn èròjà tí ewéko fi ń dáàbò bo ara wọn. Kí wọ́n gún ọ̀pá náà kúnná, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí ethanol, kí wọ́n sẹ́ ẹ, ìyẹn ò le. Àyẹ̀wò bóyá oje náà ń pa bakitéríà ló le.

Ọ̀pọ̀ olùṣàyẹ̀wò á fi bakitéríà ra ojú agar, ohun dídì tí wọ́n fi ń tọ́ bakitéríà, wọ́n á gbé ìwé roboto tó ti mu oje náà lé e, wọ́n á sì fi rúlà wọn àyè tí bakitéríà kò ti hù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní bí àyè bá ṣe fẹ̀ tó ni oògùn ṣe lágbára tó. Irọ́ ni! Omi ló pọ̀ jù nínú agar, bíi ẹ̀kọ tútù. Kán epo pupa sórí ẹ̀kọ, ojú kan náà lo máa bá a láàárọ̀. Kán zobo sí i, á wọnú rẹ̀ lọ. CBD kò sì yàtọ̀ sí epo: ó lè pa Staphylococcus aureus, bakitéríà tó ń fa eéwo, ní ìwọ̀n bíńtín, kí àyè rẹ̀ sì kéré, torí pé kò rìn.

Àwo oníhò 96 ló dáa jù. Oje inú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ti èyí tó ṣáájú: 256 máíkírógíráàmù nínú mílílítà kan, 128, 64, títí lọ. Bakitéríà bí 500,000 ló ń wọ mílílítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì wà nínú ooru 35°C fún wákàtí 16 sí 20. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán aró kan tó ń jẹ́ resazurin sí i: búlúù ni, bakitéríà tó yè ló ń sọ ọ́ di píǹkì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fínọ́ọ̀lì ọ̀pá náà lè sọ ọ́ di píǹkì fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ya ihò kan sọ́tọ̀ fún oje láìsí bakitéríà. DMSO tí wọ́n fi yọ́ oje náà gbọ́dọ̀ ní ihò tirẹ̀ pẹ̀lú bakitéríà, kí wọ́n má baà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún hemp.

Lọ́dún 1976, ìwádìí kan ní Netherlands fi hàn pé máíkírógíráàmù 1 sí 5 THC tàbí CBD nínú mílílítà kan tó láti dá staphylococci, ìdílé Staphylococcus aureus, dúró. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí i, ó di 50, torí pé púrótéènì ẹ̀jẹ̀ ń dì mọ́ wọn. E. coli, bakitéríà inú ìfun, ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ kà wọ́n sí. Awọ ìta ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Tí wọ́n bá máa wúlò, àfaimọ̀ kó má jẹ́ fún ìpara.