Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Tú RNA Tí Ó Wé Mọ́ DNA

Nínú àwòrán tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń gbé jáde, RNA (àdàkọ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara DNA) máa ń rọra yọ kúrò lára DNA (okùn méjì tí ó so pọ̀, tí ó gbé ìsọfúnni àjogúnbá) ní kété tí ẹ́ńsáímù tí ń ṣe àdàkọ bá ti kọjá, DNA náà a sì pa ojú dé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, RNA tí ó ti jáde a yí padà, a wé mọ́ okùn DNA tí a ti dà á kọ, a sì ti okùn kejì síta ní ìhòòhò. Ojóbó tí ó ń ti ibẹ̀ yọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní R-loop láti ọdún 1976, nígbà tí Thomas, White àti Davis ṣàlàyé bí ó ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Títú ojóbó yìí láìba DNA jẹ́ wà lára iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe lójoojúmọ́.

Ẹni tí ó bá mọ irun olówùú yóò tètè lóye rẹ̀. Onídìrí a pín irun sọ́tọ̀, a fi òwú dúdú wé e láti ìdí dé ṣóńṣó, òwú náà a sì dì pinpin débi pé kò lè tú fúnra rẹ̀. RNA ni òwú, DNA ni irun. Bí lẹ́tà G, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ RNA, bá pọ̀ nínú RNA náà, ó máa ń di DNA mú ju bí okùn DNA méjèèjì ṣe ń di ara wọn mú lọ, ìdí sì nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì kò fi lè káwọ́ gbera kí ó máa retí pé yóò já bọ́.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń ṣe ni láti rí i pé òwú kò tilẹ̀ wé irun. Bí RNA ti ń yọjú ni àwọn prótéènì kan ń bò ó kí ó má bàa ráyè padà, tí ẹ́ńsáímù topoisomerase I sì ń tún ìlọ́po DNA tí ó ti dẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ àdàkọ ṣe, nítorí pé ibi tí DNA bá ti dẹ̀ ni RNA ń rí wọ̀. Ní ọdún 2003, Huertas àti Aguilera, ní ìlú Seville ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, lo sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà láti fi hàn pé bí ọ̀kan nínú àwọn prótéènì abo-RNA yìí bá sọnù, RNA a máa wé mọ́ DNA, ètò DNA náà a sì dàrú.

Bí ó bá ti wé tán, ọ̀nà méjì ni ó kù. Èkíní ni kí a wá ìdí òwú rí, kí a sì máa tú u díẹ̀díẹ̀ láìgé ohunkóhun. Iṣẹ́ tí prótéènì Senataxin ń ṣe nìyẹn, ó sì ń ná agbára sí i bí ó ti ń rìn lórí RNA. Ọ̀nà kejì ni abẹ. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti fi abẹ fẹ́lẹ́ tú irun olówùú fún rí ló mọ ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀: dúdú ni òwú, dúdú ni irun, bí ọwọ́ bá sì ṣì díẹ̀, irun ni yóò já sílẹ̀. RNA àti DNA náà jọra bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀yìn okùn wọn, átọ́ọ̀mù ọ́ksíjìn kan ṣoṣo lára ṣúgà kọ̀ọ̀kan ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ́ńsáímù tí abẹ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni RNase H, tí Stein àti Hausen ṣàwárí ní ọdún 1969 nínú ẹran ara ọmọ màlúù. Kì í wo òwú nìkan kí ó tó gé e. Okùn méjèèjì ni ó ń fọwọ́ bà lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan rẹ̀ ń wá ọ́ksíjìn yẹn, apá kejì ń wá okùn tí kò ní in. Bí méjèèjì bá jẹ́ DNA, kò ní gé e. Bí méjèèjì bá jẹ́ RNA, kò ní gé e. Àfi bí ó bá rí ọ̀kan níhìn-ín àti èkejì lọ́hùn-ún, nígbà náà ni átọ́ọ̀mù magnesium méjì yóò ràn án lọ́wọ́ láti gé RNA nìkan. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí pé RNA ṣeé tún kọ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n DNA tí ó bá já lè má so bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Òwú ni sẹ́ẹ̀lì ń ná. Kì í ná irun.

Oríṣi RNase H méjì ni ènìyàn ní. RNase H1 ń fẹ́ lẹ́tà RNA 4, ó kéré tán, tí wọ́n tẹ̀ léra kí ó tó lè gé. RNase H2 ní tirẹ̀ lè ṣa lẹ́tà RNA kan ṣoṣo tí ó ṣèèṣì há sáàárín DNA. Iṣẹ́ ṣíṣà yìí kì í ṣe kékeré: nínú sẹ́ẹ̀lì eku tí kò ní RNase H2, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí ju 1,000,000 lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn ọmọ kan tí RNase H2 wọn kò péye máa ń ní àrùn Aicardi-Goutières, nínú èyí tí ètò ààbò ara ń bá ara jà bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé.

Ó yẹ kí a jáwọ́ nínú gbólóhùn kan tí ó ti sú ni í gbọ́, pé ìdọ̀tí lásán ni R-loop. Sẹ́ẹ̀lì a máa mọ̀ọ́mọ̀ wé òwú. Sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara, tí ó bá fẹ́ yí àǹtíbọ́dì rẹ̀ padà láti oríṣi IgM sí oríṣi IgG, ń lo R-loop láti ṣí okùn DNA kan sílẹ̀ fún AID, ẹ́ńsáímù tí ń bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà, èyí tí okùn ìhòòhò nìkan ń bá lára mu. Ewu wà nínú pípẹ́, àti nínú ẹni tí ó bá ojóbó náà lójú ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà DNA àti ẹ̀rọ àdàkọ bá ń lọ sí ibì kan náà, ti àkọ́kọ́ a máa gbá R-loop kúrò bí ó ti ń kọjá; bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, R-loop a pọ̀ sí i, DNA a sì bà jẹ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ oníkánjú tún wà: ẹ́ńsáímù XPF àti XPG, tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ àtúnṣe DNA, lè gé ojóbó náà, irun ni wọ́n sì ń gé.

Síbẹ̀, ìforígbárí àwọn ẹ̀rọ méjì yìí nìkan kò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀dà jíìnì Senataxin wọn méjèèjì bàjẹ́ máa ń ní àrùn tí kì í jẹ́ kí ìrìn wọn dúró ṣinṣin mọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì apá ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ètò ìrìn wà, ń kú. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í pín mọ́, wọn kì í ṣe ẹ̀dà gbogbo DNA wọn mọ́. Bí òwú bá wà níbẹ̀ tí kò tú, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà pa wọ́n.