Kí ló dé tí àwọn ará Iran fi ń ké «Allahu Akbar» sí ìjọba àwọn ààfáà lọ́dún 2009?

Ìjọba àwọn ààfáà ni. Kí ni wọ́n tún ń dìbò fún?

Láti 1979 tí wọ́n ti lé ọba wọn kúrò ni òfin Iran ti gbé agbára tó ga jù lé ààfáà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ayatollah Ali Khamenei ló wà ní ipò yẹn lọ́dún 2009. Síbẹ̀, ará ìlú ló ń dìbò yan ààrẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè du ipò náà àfi tí Ìgbìmọ̀ Olùṣọ́, àwọn ènìyàn 12, bá gbà á wọlé, ààfáà tó bá wà ní ipò tó ga jù yẹn ló sì ń yan mẹ́fà nínú wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dún náà. Mẹ́rin péré ni wọ́n gbà. Ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi dùn wọ́n wọra nígbà tí wọ́n rò pé wọ́n ti jí ìyẹn náà.

Báwo ni wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni wọ́n dìbò (bẹ́ẹ̀ ni, June 12, ọjọ́ tí àwa náà kò lè gbàgbé láti 1993). Ìbò náà lé ní mílíọ̀nù 39, síbẹ̀ kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kéde pé Mahmoud Ahmadinejad, ààrẹ tó wà lórí àga, ní nǹkan bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún, tí Mir-Hossein Mousavi tó ń bá a du ipò náà sì ní ìdá 34. Ní ọjọ́ kejì, Khamenei ti fọwọ́ sí èsì náà, kí Ìgbìmọ̀ Olùṣọ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ní ìlú 50, ìbò pọ̀ ju iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀ lọ. Àlàyé wọn ni pé ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè dìbò ní Iran. Òótọ́ ni pé òfin gbà á, àmọ́ ìbínú ìlú kò rọ̀.

Kí wá ni ti «Allahu Akbar»?

Ní 1978 sí 1979, ariwo yìí làwọn tó ń bá ọba jà ń ké láti orí òrùlé lóru. Òun ló gbé àwọn ààfáà dé orí oyè. Lọ́dún 2009, àwọn ọmọ àwọn tó ké e nígbà náà tún gun òrùlé kan náà. Lójú tèmi, kò sí ohun tó lè kó ìjọba náà nítìjú tó bẹ́ẹ̀: báwo lo ṣe máa mú ẹni tó ń gbé Ọlọ́run ga? Ní ọ̀sán, wọ́n á wọ aṣọ àwọ̀ ewé, wọ́n á gbé àkọlé pé «Ìbò mi dà?» Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, èrò kún Gbàgede Azadi ní Tehran bámúbámú, ìbọn sì dún. Ní ọjọ́ 20, ìbọn pa Neda Agha-Soltan, ọmọbìnrin ẹni ọdún 26, gbogbo ayé sì rí ikú rẹ̀ nínú fídíò.

Ṣé gbogbo ààfáà ló ti ìjọba lẹ́yìn?

Rárá o. Ayatollah Hossein-Ali Montazeri, tí wọ́n ti yàn nígbà kan pé òun ni yóò jogún Khomeini, ààfáà tó kọ́kọ́ wà ní ipò tó ga jù lẹ́yìn 1979, sọ gbangba pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kò lè gba èsì náà gbọ́. Ààfáà ni Mehdi Karroubi náà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó du ipò ààrẹ, òun ló sì tú àṣírí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé. Ní oṣù kejì 2011, wọ́n sé òun àti Mousavi mọ́ ilé wọn láìgbé wọn dé iwájú adájọ́ kankan.