Kíkorò kọ́ là ń fi mọ ojúlówó kọfí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí kọfí bá ṣe dúdú tó, tó sì korò tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lágbára tó, àti pé èyí tí kò bá korò, omi lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kíkorò tó máa ń gba gbogbo ẹnu yẹn, iná ló sábà ń fà á: wọ́n ti yan hóró náà jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì ń mú kí wọ́n yan án jù ni pé hóró ọ̀hún ti bàjẹ́ láti oko, iná ni wọ́n fi ń bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ agbára. Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí ni kaféènì, iná kì í sì í fi kún un. Irú kọfí ló ń pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó. Nínú Arabica, ó tó nǹkan bí ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú Robusta, irú tó pọ̀ jù nínú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Kaféènì korò lóòótọ́, àmọ́ ìpín díẹ̀ ló kó nínú kíkorò ife kan. Àwọn èròjà mìíràn tí iná ń yí padà ló kó èyí tó pọ̀ jù. Bí hóró bá gbóná dé nǹkan bí 200°C, á ta, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yan án lọ títí tó fi ta lẹ́ẹ̀kejì, ní nǹkan bí 225°C, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sára rẹ̀, adùn á jóná, èyí tó korò á sì gbilẹ̀.

Kòlóńbíà, orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà tí kọfí rẹ̀ lókìkí, fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbọ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni hóró tó dára ń lọ. Èyí tí wọ́n ṣà dànù, tí kòkòrò ti jẹ, tó fọ́, tó ti dúdú, ni wọ́n ń pè ní pasilla, òun ló sì ń kù fún ará ilé. Wọ́n á yan án dúdú kirikiri, wọ́n á wá fi panela, ìyẹn ṣúgà ìrèké tí wọn kò yọ́ mọ́, pa kíkorò rẹ̀. Ó dunni pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ká kọfí aládùn ni wọn kì í sábà tọ́ ọ wò nígbà náà.

Oko ni adùn náà ti ń wá. Ní Huila, ní gúúsù Kòlóńbíà, níbi tí wọ́n ti ń gbin Arabica sórí òkè, ọ̀pọ̀ oko ni kò tó hẹ́kítà márùn-ún, ìdílé tó ni oko náà ló sì ń ká a, tó ń bó o, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń sá a. Nítorí pé òjò ló ń mú kí igi kọfí tanná, tí òjò kì í sì í rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èso tútù àti èyí tó pọ́n máa ń wà lórí ẹ̀ka kan náà. Èyí tó pọ́n dénú nìkan ni kí wọ́n ká, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Hóró inú èso tútù máa ń fún ẹnu pọ̀, bí wọ́n bá sì yan án tán, á dá yàtọ̀ láàrin àwọn tó kù, àwọ̀ rẹ̀ kò ní dúdú tó tiwọn. Kílò márùn-ún èso ló ń di nǹkan bíi kílò kan hóró gbígbẹ tí awọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ká a náà ni kí wọ́n bó o. Kí wọ́n kọ́kọ́ dà á sínú omi, kí wọ́n sì kó èyí tó bá léfòó kúrò, torí inú rẹ̀ ti ṣófo tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó o bá fún jù, á gé hóró. Bí ó bá dẹ̀ jù, èèpo á bá hóró wọ tánkì.

Inú tánkì yìí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Omi yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ hóró gbọ́dọ̀ kan kó tó ṣeé fọ̀ kúrò. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bo kòkó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti mọ irú iṣẹ́ tí à ń wí, àmọ́ kòkó ń lo bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí 12 sí 18 ló sábà máa ń tó kọfí. Bí òtútù bá mú, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, aago nìkan kò tó. Wọ́n á fi ọ̀pá gún un: bí ojú ihò náà bá dúró tí kò pa dé, ó ti tó fọ̀. Cenicafé, ilé ìwádìí kọfí ní Kòlóńbíà, ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Fermaestro, ike oníhò tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Wọ́n á rọ hóró kún inú rẹ̀, wọ́n á fi sáàárín tánkì. Bí omi yíyọ̀ bá ti yọ́, hóró á wálẹ̀, àyè á sì ṣí sílẹ̀ lókè. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá àkókò, kọfí náà á kan bí ọtí kíkan. Èyí tó burú jù ni hóró àná tó há sí igun tánkì tàbí inú ẹ̀rọ: ó máa ń rà, hóró díẹ̀ irú rẹ̀ sì tó láti ba odindi àpò jẹ́. Kò sí ohun tó lè rọ́pò fífọ ẹ̀rọ àti tánkì lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, omi inú hóró ṣì lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n á sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ àgọ́ ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kó má nípọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, wọ́n á sì máa yí i lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ju 12 lọ, á bu nínú àpò. Kí wọ́n má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ epo bẹntiróò tàbí oògùn oko, nítorí kọfí máa ń fa òórùn.

Àwọn tó ń tọ́ kọfí wò láti fún un ní máàkì kì í yan án dúdú. Wọ́n ń yan án níwọ̀nba, kí àléébù lè hàn. Èyí tó bá gba 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100, tí hóró rẹ̀ tí wọn kò tíì yan sì mọ́ kúrò lọ́wọ́ àbùkù, ni wọ́n ń pè ní kọfí àkànṣe. Ẹni tó bá fẹ́ràn kọfí dúdú lè máa mu ún; kó má ṣáà fi kíkorò ṣe ẹ̀rí pé ó dára.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ lọ kọfí gíráàmù 15, kó má kúnná jù, ẹ da mílílítà 250 omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán sí i, ẹ sẹ́ ẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ mu díẹ̀ láìfi ṣúgà sí i, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tún mu. Èyí tó dára, adùn rẹ̀ á túbọ̀ hàn bó ṣe ń tutù. Èyí tó ti jóná á máa rùn bí eérú, èyí tó ti bu á sì rùn bí àpò tútù. Bó bá korò, ẹ kọ́kọ́ dín kíkúnná rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dá ẹni tó yan án lẹ́bi, nítorí kọfí tó kúnná jù tàbí tó pẹ́ jù nínú omi máa ń korò bó ti wù kó dára tó.